Páìpù Abẹ́ Ilẹ̀: Ẹ̀kọ́ lórí Pípààrọ̀ Páìpù Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ nínú Ilé Àtijọ́ ní Natako

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni èyí lójú odò. Ṣùgbọ́n nínú páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti gbó, ìdọ̀tí a máa ṣàn padà sẹ́yìn, a sì máa bá àwọn ará ilé nínú ilé. Natako ní ìlú Lọ́kọ́jà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ohun tó jẹ́ ìyọnu kékeré níbòmíràn a máa di ńlá níbẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì

Natako wà lójú ọ̀nà Àbújá, kò sì jìnnà sí odò Ọya. Lọ́kọ́jà yìí kan náà ni odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, odò kún àkúnya, omi sì ya wọ ìlú. Bí omi bá bo ilẹ̀ báyìí, sókàwéè náà a kún. Bí páìpù bá ti là tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí a dà pọ̀ mọ́ omi inú ilẹ̀, ó sì lè dé inú kànga. Ẹni tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀ láìsè é lè kó àrùn onígbáméjì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Natako nìkan. Ní ọdún 1854, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ́nù, dókítà John Snow fi hàn pé omi kànga kan ní òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mu. Nígbà tí wọ́n wú ilẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ojú ìṣàn ìdọ̀tí àti kòtò ìdọ̀tí ilé àtijọ́ kan ti jẹrà. Kòtò náà kò sì fi mítà kan jìnnà sí kànga. Ilé kan ló bàjẹ́, àdúgbò ló jìyà rẹ̀.

Ohun tí ń ba páìpù jẹ́

Páìpù onírin a máa dípẹtà. Páìpù alámọ̀ a máa là lójú oríkèé, gbòǹgbò igi a sì gba ibẹ̀ wọlé. Bí ilẹ̀ bá rì lábẹ́ páìpù, ikùn rẹ̀ a tẹ̀, ìdọ̀tí a sì jókòó síbẹ̀. Àmì tí a ó rí ni pé omi kò tètè lọ, òórùn ń jáde, tàbí ilẹ̀ ibì kan ń rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ a máa da kẹ́míkà sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kẹ́míkà kò lè di ojú páìpù tó là.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

(1) Kí a kọ́kọ́ mọ irú páìpù tó wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti asbestos, a kò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ ní gbígbẹ, nítorí pé eruku rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó rin ín lómi, kó sì yọ ọ́.

(2) Páìpù PVC oní-ínṣì mẹ́rin ni púlọ́ńbà sábà máa ń lò. Kí a tẹ́ yanrìn sábẹ́ rẹ̀, kí òkúta má baà gún un.

(3) Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ọkàn iṣẹ́ náà. Fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí páìpù fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 rẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá gùn ní mítà 8, sẹ̀ǹtímítà 20 ni yóò fi rẹlẹ̀. Bí ó bá tẹ́jú jù, omi a lọ, ìgbẹ́ a kù sẹ́yìn.

(4) Níbi tí páìpù ti yí, kí a lo ìgbọ̀nwọ́ méjì tó rọra tẹ̀ dípò ẹyọ kan tó ṣẹ́ gan-an. Kí a sì fi ṣáńbà síbẹ̀, kí a lè ṣí i wò lọ́jọ́ iwájú.

(5) Ọrùn tó tẹ̀ lábẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni omi dúró sí láti dínà òórùn. Alexander Cumming ló gba ìwé àṣẹ fún irú ọrùn yìí ní ọdún 1775. Kí páìpù afẹ́fẹ́ sì yọ sókè kọjá òrùlé, kí omi ọrùn náà má baà fà lọ.

(6) Kí a tó bo ilẹ̀, kí a dí ìsàlẹ̀ páìpù, kí a rọ omi kún un, kí a sì wò ó bóyá omi ń fà.

Ti Natako fúnra rẹ̀

Kí sókàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Kí ẹnu ṣáńbà ga ju ibi tí omi dé nígbà àkúnya tó kọjá. A tún lè fi ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí síwájú nìkan sínú páìpù, kí ìdọ̀tí má baà padà wọlé. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti bo sókàwéè, kò sí ibi tí ìdọ̀tí yóò gbà lọ: kí a dá lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà dúró títí omi yóò fi fà.

Ta ni yóò san owó?

Ìṣòro tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹbí nìyí. Owó ọ̀dà iwájú ilé kì í ṣòro láti dá, nítorí àlejò yóò rí i. Owó páìpù ni olúkúlùkù ń tì sí ẹlòmíràn, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Onílé ní ayálégbé ló bà á jẹ́. Ayálégbé ní òun kò ra ilé. Títí wọn yóò fi parí ìjà náà, kànga kan náà ni gbogbo wọn ń pọn. Nítorí náà, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń gba yàrá nínú ilé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí páìpù gbà àti ibi tí kànga wà kí a tó san owó ilé. Bí a bá sì padà sílé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn òbí wa sọ ọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí odò tó kún.