JẸ́ KÍ ẸLÒMÍRÀN NÁÀ WÒ Ó

Bíbélì Kíkà: Léfítíkù 14:33-48, Òwe 18:17

Ilé ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí nínú kíkà wa ti òní. Àrùn kan jáde sára ògiri, onílé sì lọ sọ fún àlùfáà. Àlùfáà kò wọlé kí ó kàn sọ pé, "Ẹ wó o." Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Ó wo ògiri náà dáadáa, ó ti ilé pa fún ọjọ́ 7, ó tún padà wá wò ó. Bí ó bá rí i pé ó ti ràn, òkúta tí àrùn wà lára rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa yọ. Wọ́n á ha ògiri, wọ́n á fi òkúta mìíràn dípò, wọ́n á sì tún un rẹ́. Àfi bí àrùn náà bá tún jáde lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó lè wó ilé.

Olùfẹ́, mélòó nínú wa ni mẹ́káníìkì ti bá wó odindi ilé, nígbà tí ó jẹ́ òkúta kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́? Òwúrọ̀ Sátidé ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ kò ti ṣe dáadáa láti àárín ọ̀sẹ̀. Mẹ́káníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹtí sí i, ó nu ọwọ́, ó ní, "Dádì, ẹ́ńjìnnì yín ti lọ. Ẹ jẹ́ ká wá tòkunbọ̀ mìíràn sí i." Ẹ̀rù á ba ọlọ́kọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti máa ro bí òun yóò ṣe yọ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ láti fi ra ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ẹni tí ó fi ohunkóhun hàn án.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí Sólómọ́nì ń kọ́ wa nínú Òwe 18:17 náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ rojọ́ máa ń dùn létí, títí ẹlòmíràn yóò fi dé tí yóò bi í ní ìbéèrè. Àwọn kan lára wa kì í fẹ́ pe mẹ́káníìkì kejì nítorí pé ará ìjọ ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní yóò dà bí ẹni pé àwọn kò fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bèróà nínú Ìṣe 17:11 yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí, Bíbélì sì yìn wọ́n. Ọ̀rọ̀ Camry kò lè tóbi ju ìhìnrere lọ.

Díákónì kan tí mo mọ̀ ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní àràárọ̀. Owó ibẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lágbára láti gun òkè mọ́, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹ́káníìkì rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Díákónì ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé. Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀." Ó san owó àyẹ̀wò fún mẹ́káníìkì mìíràn tí kò mọ ti àkọ́kọ́ rárá. Onítọ̀hún ki ẹ̀rọ tí ó fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bọ ojú ihò tí ó wà lábẹ́ ìdí ìtọ́kọ̀. Kóòdù tí ó jáde ni P0303, ìyẹn ni pé sìlíńdà kẹta kò jó iná bí ó ti yẹ. Kò sọ pé kí wọ́n ra nǹkan kan. Ó yọ kọ́ìlì sìlíńdà kẹta, ó gbé e sí ti àkọ́kọ́, ó gbé ti àkọ́kọ́ sí ti kẹta, ó pa kóòdù rẹ́, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà yíká àdúgbò. Nígbà tí wọ́n tún un kà, P0301 ni ó jáde. Àìsàn náà ti bá kọ́ìlì ṣí lọ! Kọ́ìlì kan ni díákónì rà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Mi ò sọ èyí kí a lè máa pe mẹ́káníìkì ní olè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òótọ́ inú. Ṣùgbọ́n etí ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọn níṣẹ́, nígbà tí kábúrétọ̀ wà lóde. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ihò onígi 16 tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ bọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa sì ti ibẹ̀ wá. Ìwọ náà má sì jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà ọ́. Kóòdù kì í sọ ohun tí ó bàjẹ́. Ibi tí wàhálà ti ń dún ni ó ń sọ. P0420, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé katalítíìkì tí ó wà lára sàléńsà kò ṣiṣẹ́ tó. Katalítíìkì wọ́n púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ihò kékeré lára páìpù èéfín, tàbí sẹ́ńsọ̀ tí ó ti rẹ̀, lè mú kóòdù yìí kan náà jáde.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń gbóná ni ó tilẹ̀ ń jẹ owó wa jù. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí a ó gbọ́ ni pé "gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹ jẹ́ ká tú orí ẹ́ńjìnnì." Ó lè jẹ́ òótọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ni ó ń pààlà sáàárín iná, omi àti ọ́ìlì. Bí ó bá jó, wọn á dàpọ̀, ìdàpọ̀ wọn kì í sì í ṣòro láti rí. Ọ́ìlì lè di fúnfun ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀. Èéfín funfun lè máa tú jáde láìdáwọ́dúró. Rédíétọ̀ lè máa hó pùtùpùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, omi sì lè máa dínkù láìsí ibi tí ó ti ń jò sílẹ̀. Oògùn aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀. Bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ń bọ́ sínú omi, yóò di yẹ́lò. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, kí ni a ń tú orí ẹ́ńjìnnì sí? Ṣé fáànù ń yí? Ṣé ìdérí rédíétọ̀ ṣì ń di agbára mú? Ṣé thermostat kò há? (Ọ̀pọ̀ ni ó ti yọ ọ́ jù nù, bí ẹni pé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.) Òkúta kọ̀ọ̀kan nìwọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí á yọ òkúta kí á tó wó ilé.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, má rojọ́ ẹni àkọ́kọ́ fún un. Bí o bá ti wí pé, "Wọ́n ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni," gásíkẹ́ẹ̀tì ni òun náà yóò máa wá. Ohun tí o rí àti ohun tí o gbọ́ nìkan ni kí o sọ: ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá òwúrọ̀ ni tàbí ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà, bóyá orí òkè ni tàbí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí ó má jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń pín ilẹ̀ lò. Kí o sì fún un ní owó àyẹ̀wò, kí o sọ fún un pé àyẹ̀wò nìkan ni o bá wá. Ẹni tí kò ní rí owó gbà àyàfi bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò ṣòro fún un láti sọ pé nǹkan kan kò bàjẹ́.

Ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ náà ni ẹnì kejì yóò sọ. Padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ pẹ̀lú ayọ̀, kí o gbé iṣẹ́ fún un. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba ńkọ́? Má ṣe mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré nítorí pé ó kéré. Rehoboámù nínú 1 Àwọn Ọba 12 náà bi àwọn mìíràn léèrè lẹ́yìn àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wù ú ni ó ń wá, ẹ̀yà 10 sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pé, "Ọ̀gá, kí ni ẹ rí tí ẹ fi mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí." Ẹni tí ó bá lè fi hàn ọ́ ni kí o tẹ̀lé. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ nǹkan tán, gba èyí tí wọ́n yọ lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì ni, tí ẹsẹ̀ rẹ ń wọlẹ̀ tí ọkọ̀ kò dúró, má wa ọkọ̀ náà kiri láti wá ẹnì kejì. Ọkọ̀ tí ó ń gbóná náà kò gbọdọ̀ rìn lọ. Pe mẹ́káníìkì náà wá sí ilé, tàbí kí o jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ bá a. Má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná. Omi ibẹ̀ lè tú sókè, kí ó sì bó èèyàn lójú.

Àdúrà: Bàbá, fún mi ní sùúrù àlùfáà tí ó dúró fún ọjọ́ 7. Bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ́káníìkì olóòótọ́ tí ó wà láàárín wa, kí o sì ṣọ́ gbogbo ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ lónìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.