Ẹ Sọ Ohun Tí Ẹ Bá Wá

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wàásù ní ọgbà Yunifásítì Benin ní Ugbowo, ẹ má fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bo ìpàdé àdúrà lójú. Ìlú yìí mọ ìgbàgbọ́ tí a so mọ́ nǹkan mìíràn: ní 1514, Ọba Benin ń wá ìbọn, Ọba Manuel ti Potogí sì ní kí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kristi. Àwọn àlùfáà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà kò ta gbòǹgbò nígbà náà. Ẹ lè ní Pọ́ọ̀lù náà máa ń mú ara rẹ̀ bá àwọn èèyàn mu kó tó wàásù. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ní Áténì ó sọ̀rọ̀ àjíǹde ní gbangba, bí àwọn kan tilẹ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ kọ orúkọ ìjọ yín sára ìwé ìpè. Ẹni tí kò bá fẹ́ wá, ẹ ṣì máa bá a ṣọ̀rẹ́.