Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ìmúra fún Ìrìn-Àjò Ọjà sí Ilẹ̀ Olókè

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn oníléèsì mẹ́rin béèrè ẹ̀yáwó láti fi lọ sí Ọ́stríà ní oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ẹ̀kọ́ lé e lórí, nítorí owó gbogbo wa ni ẹ̀yáwó. Bí ẹnì kan bá fi í ṣòfò lọ́nà, onídùúró ni yóò san án. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ibi tí à ń lọ

Láti àwọn ọdún 1960 ni léèsì ti ń ti Lustenau wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ìlú yìí wà ní Vorarlberg, ní ìwọ̀-oòrùn Ọ́stríà, létí odò Rhine. Ẹni tó bá ré odò náà kọjá ti dé Swítsàlandì. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n àwọn òkè Alps kò jìnnà sí i.

Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń pè ní ìgbà ìrúwé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín o. Oòrùn lè ràn lónìí kí yìnyín bọ́ lọ́la. Bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Bí a bá sì gun òkè tó ga tó 1,000 mítà, òtútù á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lé sí i.

Ohun tó ṣe mí

Nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ, mo rò pé òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bùbá, ṣòkòtò àti jákẹ́ẹ̀tì kan péré ni mo dì. Alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde la dé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tì. Mọ́ńdè, ìsinmi Àjíǹde ni, wọ́n tún tì. Yìnyín wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bàtà mi pẹlẹbẹ, mo yọ̀ ṣubú lójú pópó. Òru mẹ́ta la sanwó òtẹ́ẹ̀lì láìfọwọ́ kan léèsì kankan. Nígbà tí wọ́n ṣí ní Túsìdé, owó tó yẹ kí n fi ra àpẹẹrẹ aṣọ ni mo fi ra kóòtù.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Ìwé. A lè béèrè fisà Schengen láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí 15. Ẹ má dúró dìgbà yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta nínú lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ìńṣọ́ránsì ìlera gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò.

2. Ọjọ́. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹra fún Àjíǹde àti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n ń sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á pẹ́ dé ìpàdé.

3. Owó. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ti ọjà, ti ọ̀nà àti oúnjẹ, ti ẹrù àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ má fọwọ́ kan ti ọjà fún ohun mìíràn. Ẹni tó bá mú 10,000 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè. Fisà kan náà ló gbà wá wọ Swítsàlandì, ṣùgbọ́n owó tiwọn yàtọ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi ọjà han kọ́sítọ́ọ̀mù bí a bá ń gbé e kọjá.

4. Aṣọ. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí a lè bọ́ ọ̀kan bí oòrùn bá mú. Ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì, súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀. Ẹ fi fìlà, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ kún un. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró.

5. Oúnjẹ. Wọn kì í jẹ́ kí a kó ẹran tàbí wàrà wọlé, ìbáà ṣe ẹran gbígbẹ. Gààrí kò ní wàhálà. Oògùn yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, nínú báàgì ọwọ́.

6. Ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ìdajì àpótí ṣófo nígbà àlọ, torí àpẹẹrẹ aṣọ. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì dání, tiwa kì í wọ ihò tiwọn.

Lákòótán, ìjọba wa ti fòfin de léèsì òkèèrè rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó sanwó ọjà.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí nìdí tí onídùúró fi gbọ́dọ̀ rí ètò ìnáwó ẹni tó ń rìnrìn-àjò?
2. Bí ìwọ̀n ojú ọjọ́ bá jẹ́ 15 ní ìlú, èló ni yóò jẹ́ bí a bá gun 1,000 mítà sókè?

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.

Akọ̀wé yín.