Bí Ewéko Bá Ń Rọ Nínú Omi, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Gbòǹgbò

Ìmọ̀ràn fún àwọn tó ń gbìn nínú omi nílé, ní Fìdítì, Ìlọrà àti agbègbè Afijio

Gbogbo àgbẹ̀ Fìdítì àti Ìlọrà ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí tòmátì inú oko bá rọ lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn: omi ni wọ́n ń bù sí i. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbin lẹ́túùsì, ẹ̀fọ́, ata tàbí tòmátì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti páìpù lẹ́yìn ilé láìlo iyẹ̀pẹ̀. Inú omi ni ewéko tiyín wà tẹ́lẹ̀. Bó bá wá ń rọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbòǹgbò ni kò lè fa omi náà mọ́. Ẹni tó bá sáré da omi kún un, tàbí tó bu ajílẹ̀ sí i, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pa á pátápátá. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo gbòǹgbò, kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un.

Kí ló ń dí gbòǹgbò lọ́wọ́?

Gbòǹgbò ń mí, ọ́síjìn tó wà nínú omi ló sì ń lò. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù. Lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Tó bá dé 30°C, kò lè gba ju bíi 7.5 lọ. Ìgbà tí omi gbóná yẹn gan-an sì ni gbòǹgbò ń fẹ́ ọ́síjìn jù. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí páànù ń gbóná tí iná mànàmáná kò sì dúró sójú kan.

Ìbéèrè méjì tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín

*Ṣé gbogbo wọn ló rọ, àbí ọ̀kan péré?* Bí gbogbo wọn bá rọ pọ̀, ohun tí wọ́n jọ ń lò ni kí ẹ fura sí: omi, iná, ajílẹ̀ tàbí oòrùn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló rọ láàárín àwọn tó kù, ó lè jẹ́ àrùn, tàbí kí ìdí rẹ̀ ti ṣẹ́ nígbà tí ẹ ń lọ́ ọ.

*Ṣé ó ń jí padà nírọ̀lẹ́?* Èyí tó rọ lọ́sàn-án tó sì nà padà lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ooru ló ń bá a jà. Èyí tó ṣì rọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, gbòǹgbò rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí kí àrùn ti wọ inú igi rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe yẹ gbòǹgbò wò

Ẹ gbé ewéko náà sókè díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò tó dáa a máa funfun, a máa le dáadáa, kì í sì í rùn. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má tíì pariwo, nítorí èèpo àgbọn àti ajílẹ̀ tó ní irin máa ń kun ún. Ẹ fi ìka méjì mú ẹyọ kan, kí ẹ sì fà á wẹ́rẹ́. Bí awọ rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tó yọ̀ bí ilá, tó wá ku fọ́nrán tín-ín-rín bí òwú ní àárín, ó ti jẹrà nìyẹn. Ẹ gbóòórùn omi náà pẹ̀lú. Gbòǹgbò tó jẹrà kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ fún imú.

Ohun tó ń fà á àti ohun tí ẹ ó ṣe

*1. Omi gbóná.* Gbòǹgbò funfun, àmọ́ ewé ń rọ lọ́sàn-án. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibòji, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun kun ara bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú tàbí kí ẹ fi àpò funfun wé e. Ẹ lè rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ fọ ara ọ̀rá omi kan tó ti dì, kí ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láìtú u. Omi tó wà láàárín 20 sí 24°C ló dára jù. Tó bá ti ń sún mọ́ 30°C, ewu ti dé.

*2. Iná lọ.* Bí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi bá ti kú fún wákàtí mélòó kan, ẹ bu omi náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, lẹ́ẹ̀kan síi lẹ́ẹ̀kan síi, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo páìpù kò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí omi ibẹ̀ kò jìn, gbòǹgbò á sì yára gbẹ lọ́sàn-án. Ẹ máa fi ife bu omi sí i láti orí páìpù títí iná yóò fi dé. Bí ẹ bá di ẹnu ìsàlẹ̀ páìpù díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, omi díẹ̀ á máa kù sílẹ̀ nínú rẹ̀.

*3. Ẹ rọ omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò lo iná.* Ọ̀nà kan wà tí B.A. Kratky ti Yunifásítì Hawaii ní Amẹ́ríkà gbé jáde, tí kò nílò ẹ̀rọ kankan. Bí ewéko ṣe ń mu omi tí omi sì ń fà sísàlẹ̀, gbòǹgbò tó wà lókè á kọ́ bí a ti ń mí nínú atẹ́gùn tó wà láàárín omi àti ìdérí. Ẹni tí kò mọ̀ á rí i pé omi ti fà, á sì rọ ọ́ kún dé ẹnu. Gbòǹgbò òkè yẹn á rì, ewéko á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹ tètè gbọ́n omi náà kúrò dé ìdajì. Láti ìgbà náà lọ, bó bá fà, ẹ má ṣe jẹ́ kó ga ju ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

*4. Ajílẹ̀ pọ̀ jù.* Gbòǹgbò funfun, etí ewé ń gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Lásìkò ọyẹ́, ewéko ń mu omi ju ajílẹ̀ lọ, ohun tó bá kù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì á wá máa ki. Omi lásán ni kí ẹ fi dí i. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn EC, ìyẹn bí ajílẹ̀ inú omi ṣe ki tó, 1.2 sí 1.8 tó fún lẹ́túùsì. Tòmátì tó ti ń so lè gba 2 sí 3.5. Ẹ má lo NPK 15:15:15 oníhóró tí a ń lò lóko: kì í yòrò tán, kò sì ní kálísíọ̀mù tó tó. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi ni kí ẹ rà, kí ẹ fi calcium nitrate kún un. Ẹ yòrò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní kíki, wọ́n á dì bí ẹfun sísàlẹ̀.

*5. Gbòǹgbò jíjẹrà.* Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jẹrà, ẹ jù ú nù. Bí apá kan bá ṣì funfun, ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímọ́ gé èyí tó jẹrà, kí ẹ da omi náà nù. Ẹ po ìwọ̀n kan ohun ìfọṣọ olóòórùn kílórínì mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án, kí ẹ fi fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Omi tuntun tí ajílẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì lọ ni kí ẹ dá a padà sí. Ẹ má lo ike tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

*6. Àrùn bakitéríà tòmátì àti ata.* Ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó kàn rọ lójijì, kò sì jí mọ́. Ẹ gé igi rẹ̀ nídìí, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi mímọ́, kí ẹ má mì ín. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń sun jáde bí okùn tín-ín-rín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àrùn náà ni. Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ sun ewéko náà, ẹ má jù ú sí oko tòmátì, ata tàbí ìgbá, nítorí àrùn náà ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Inú irúgbìn tí a wú láti inú iyẹ̀pẹ̀, omi odò, tàbí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ gbin hóró sínú èèpo àgbọn, kí irúgbìn yín hù níbẹ̀.

Ibi tí a bá ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni: bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, ẹ ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù wò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó kúrò ní ọ̀kan dé òmíràn.

Bí kò bá yé yín síbẹ̀

Ẹ tọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lọ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní Jọ́bẹ́lẹ̀, tàbí NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí tó ti wà fún èso àti ẹ̀fọ́ láti 1975. Ẹ mú odindi ewéko kan dání tòun ti gbòǹgbò, tí ẹ fi bébà tútù wé sínú ọ̀rá, àti ìgò omi kan láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ orúkọ ajílẹ̀ tí ẹ lò, bó ṣe pọ̀ tó, àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ rọ. Ewé tí ẹ já nìkan kò lè sọ ohun tó ṣe é fún ẹnikẹ́ni.