Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú WC àti Ẹ̀rọ Omi Nígbà Òtútù Kí Ẹ Tó Dè É

Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ là ń ra ẹrù ilé. A ra WC lóṣù yìí, a ra bésìnì nígbà tí a bá kó àjọ, a kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá tí kò tíì ní fèrèsé, ó di ọjọ́ tí púlọ́ḿbà bá ráyè. Ọdún méjì lè kọjá, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àfi eruku ọyẹ́, àfi tí olè bá gbé e.

Ẹ má gbé àṣà yẹn dé Chicago tàbí Winnipeg. Ní Winnipeg, òtútù oṣù kìíní lè já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 30 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáréèjì tí kò ní híítà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìta.

Òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fọ́ WC o, omi tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni. Tí omi bá di yìnyín, ó ń fẹ̀ sí i ní bí ìdá 9 nínú 100, tánganran kò sì lè fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwo WC, ọ̀nà kan wà tó ṣe kọ́rọkọ̀rọ, tó ń dá omi dúró kí òórùn má bàa gòkè wá. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń sán. Tí WC bá jẹ́ àlòkù, omi wà níbẹ̀ dájú. Tuntun náà lè ní in, torí àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi omi dán an wò. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi fóòmù fa ìyókù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ilé kó tó dé gáréèjì. Ẹ̀rọ omi àti ti ṣáwà, ẹ ṣí wọn sílẹ̀, ẹ gbọ̀n wọ́n, ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú wọn. Ẹ má da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi mọ́tò dì (antifreeze) sínú wọn láé. Májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu ọmọdé.

Báàfù oníke kò nílò wàhálà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òtútù ń mú kó gan: ẹ má jù ú sílẹ̀, kó sì mú ooru inú ilé kí ẹ tó dè é. Gọ́ọ̀mù táìlì inú ike àti ọ̀dà olómi, inú ilé ni kí wọ́n sùn. Tí wọ́n bá ti dì, wọ́n lè bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Lóṣù kejì ọdún 2021, òtútù ibẹ̀ kọjá òdo Celsius lọ sísàlẹ̀, páìpù sì bẹ́ káàkiri ìlú.

Àwọn tó ń kó ẹrù jọ fún kọ̀nténà tó ń lọ sílé ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún jù. Ojú sísán tó tín-ín-rín bí irun kì í hàn, ìgbà tí wọ́n bá dè é tán ní Sábó ni omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í jò, púlọ́ḿbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa jẹ èébú. Ẹ fi ìka kan WC náà: èyí tó pé máa ń dún gooro, èyí tó ti sán, ohùn rẹ̀ á wúwo. Ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e lé bébà gbígbẹ nínú ilé mọ́jú, kí ẹ sì tún gbọn omi náà dànù pátápátá. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé e fún ẹlẹ́rù, torí yálà ó sán tàbí kò sán, ẹ máa san owó àyè tó gbà nínú kọ̀nténà.