Ẹja Tí Ń Rù Nínú Àpótí Omi Òkun

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọ̀ràn bá ṣú òkùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò tó ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀dá tí kò lè fọhùn. Ọmọdé tí inú ń run yóò sunkún. Ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ kò dá yóò ké. Ṣùgbọ́n ẹja kò ní igbe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní omijé tí a lè rí. Ara rẹ̀ nìkan ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti ń ka ara ẹja lè fi oògùn pa ohun tí ó fẹ́ wò sàn.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. N kò sì tijú láti sọ ọ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ní àpótí dígí kan ní pálọ̀ mi, tí mo fi omi iyọ̀ kún, tí mo sì to òkúta inú òkun sí. Edé mẹ́rin àti ẹja mélòó kan ni ó wà nínú rẹ̀. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo gbé àpótí náà kalẹ̀ tí mo fi ra ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mandarin. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún un ni Synchiropus splendidus. Ilé rẹ̀ jìnnà réré sí wa: láàárín àwọn iyùn ìhà ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì ni ó ń gbé, láti àwọn erékùṣù gúúsù Japan títí dé Ọsirélíà. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn ni ó lọ́ mọ́ra wọn ní ara rẹ̀, bí ẹni pé aládìrẹ kan ni ó jókòó ya á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣàkíyèsí pé ikùn ẹja náà ti wọ inú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti mú bí ojú ọ̀bẹ. Mo sọ lọ́kàn mi pé, “Àrùn ti wọlé.” N kò wádìí, n kò bèèrè. Mo gbé ìgò oògùn kan tí a fi bàbà ṣe, mo sì dà á sínú àpótí náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn edé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹja náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan, kò sì dìde mọ́.

Mo to ẹ̀gbọ́n kan lọ, tí ó ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó sì bi mí pé, “Àbúrò, kí ni ẹja náà ń jẹ?”

Mo dáhùn pé, “Oúnjẹ gbígbẹ tí mo ń fún àwọn yòókù ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ǹjẹ́ o fi ojú ara rẹ rí i kí ó gbé e mì?”

N kò lè dáhùn. Nígbà náà ni ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ alààyè tí ń rìn lára òkúta, tí wọ́n jẹ́ ìbátan edé àti akàn, ni oúnjẹ mandarin. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa ṣa wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí adìyẹ ti ń ṣa àgbàdo. Díẹ̀ ni ó wà nínú àpótí mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹja náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Bàbà tí ó pa edé mi kò sì lè ṣàì pa ìwọ̀nba tí ó kù. Ebi ni ó ń pa ẹja náà. Èmi sì ni mo dáná sun oko rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé oògùn kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú, bí kò ṣe ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe é ní ẹsẹẹsẹ.

Omi ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí òrùlé bá ń jò sí ẹni lórí, oògùn òtútù nìkan kò lè wo onílé sàn. Omi tí ó bá ẹja òkun lára mu ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, ìgbóná rẹ̀ a sì wà láàárín ìwọ̀n 24 àti 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹja a máa tú májèlé kan tí a ń pè ní amóníà jáde ní ibi tí ó fi ń mí, oúnjẹ tí ó bá sì jẹrà a máa mú irú rẹ̀ wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ara òkúta àti inú asẹ́ a máa sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn a sì sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a sì lè dín kù bí a bá ń pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi nígbà gbogbo. Àpótí tuntun a máa gba bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn kòkòrò wọ̀nyí tó pọ̀ tó. Bí a bá dán omi wò tí a sì rí amóníà tàbí náítíráìtì, pípààrọ̀ omi ni oògùn àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn omi ni ara ẹja. Kí a dúró lókèèrè, nítorí ẹja tí ẹ̀rù ń bà a máa fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ṣé ó ń mí kíákíá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ṣé lẹbẹ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, àbí ó ká a mọ́ra? Ṣé ó ń fi ara họ òkúta? Kí a wo ikùn rẹ̀, kí a sì wo ẹran ẹ̀yìn rẹ̀, pàápàá lókè orí. Ikùn tí ó wọ inú lè jẹ́ ti ebi ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹran ẹ̀yìn bá ti gbẹ, ìyà náà ti pẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wá kàn: ṣé ẹja náà ń jẹun? Bí kò bá jẹun, ó lè jẹ́ pé ìrìn àjò ni ó rẹ̀ ẹ́, tàbí pé ẹja mìíràn ń lé e kiri, tàbí pé a kò fún un ní irú oúnjẹ tí ó mọ̀. Oògùn kò lè mú ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí kúrò. Ẹni tí ń lé e ni kí a yà á sí, kí a sì fún un ní oúnjẹ alààyè. Ọmọ edé omi iyọ̀ wẹ́wẹ́ a máa pa láti inú ẹyin rẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 36, ẹja tí ó kọ oúnjẹ gbígbẹ a sì máa sáré sí i.

Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ń jẹ àjẹyó tí ó sì ń rù síbẹ̀, kí a fura sí inú rẹ̀. Aràn tàbí àwọn kòkòrò afòmọ́ tí ojú lásán kò lè rí lè máa bá a pín oúnjẹ nínú ìfun. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá funfun, tí ó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, àmì kan nìyẹn. A máa ń fi praziquantel wo irú aràn kan, a sì máa ń fi metronidazole wo àwọn kòkòrò kan nínú ìfun. Inú oúnjẹ ni ó dára kí a pò wọ́n mọ́, ní ìwọ̀n tí dókítà ẹranko bá sọ.

Àwọn àrùn mìíràn wà tí ó hàn lára. Bí ara ẹja bá ní ààmì funfun tóótòòtó bí iyọ̀ tí a wọ́n sí i, Cryptocaryon irritans ni a óò kọ́kọ́ rò. Kòkòrò yìí a máa gbé ara ẹja fún bí ọjọ́ 3 sí 7, lẹ́yìn náà a já bọ́, a sì fi èèpo bo ara rẹ̀ nísàlẹ̀ omi, níbi tí yóò ti pín sí púpọ̀. Ohun tí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyí: ààmì náà pòórá, wọ́n dúpẹ́ pé ó ti sàn, kò sì pẹ́ tí ogunlọ́gọ̀ ọmọ rẹ̀ fi tún dé. Àwọn kan lè wà nínú èèpo tó ọjọ́ 72. Oògùn bàbà wúlò fún àrùn yìí, ṣùgbọ́n inú àpótí ọ̀tọ̀ ni a ti ń lò ó, níbi tí kò sí edé, òkúta tàbí iyanrìn. Ìlànà ara ìgò ni kí a tẹ̀lé, kí a sì máa wọn bàbà inú omi lójoojúmọ́, nítorí ìwọ̀n tí ń wo ẹja àti ìwọ̀n tí ń pa á kò jìnnà sí ara wọn.

Awọ tí àrùn bá jẹ jẹ́ ewu ńlá fún ẹja òkun. Omi inú ara rẹ̀ kò ní iyọ̀ tó omi tí ó yí i ká, nítorí náà omi a máa fà jáde lára rẹ̀ tọ̀sán tòru, ó sì ní láti máa mu omi òkun kí ó má baà gbẹ. Bí awọ rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹja lè gbẹ bí ó tilẹ̀ wà nínú omi.

Nígbà tí ara bá ń yá, kí a má fi oúnjẹ púpọ̀ kún ikùn tí ó ti sún kì lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́, ni ó dára, kí a sì kó àjẹkù kúrò kí ó tó ba omi jẹ́. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a ya àwòrán ẹja náà láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí a lè mọ̀ bí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń padà bọ̀. Àwọn mìíràn kò ní padà bọ̀, nítorí a pẹ́ jù kí a tó rí wọn. Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹja inú dígí kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó mú òun kúrò nínú òkun. Nígbà tí a ti mú un wá, àwa ni òkun rẹ̀, àwa ni oko rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹja kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó ń jẹ, kí ó tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó pa ẹja mandarin inú àyọkà yìí? Ṣàlàyé bí oògùn ṣe dá kún un.
2. Èéṣe tí a fi ń yẹ omi wò kí a tó yẹ ẹja wò?
3. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹja tí kò jẹun àti ẹja tí ń jẹun ṣùgbọ́n tí ń rù.
4. Báwo ni Cryptocaryon irritans ṣe ń tan olùtọ́jú ẹja jẹ?
5. Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí: “èmi sì ni mo dáná sun oko rẹ̀”?
6. Kọ àròkọ kan lórí àkòrí yìí: “Ọjọ́ Tí Ìkánjú Mi Ba Iṣẹ́ Jẹ́.”