Ọ̀kan Tó Kù Nínú Ìdì
Fún kíkà: Òwe 11:1, Lúùkù 6:38

Rumuokwurushi, ní Port Harcourt, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́, mo sì máa ń se mọ́ínmọ́ín tà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé kan, màmá kan ra ti ₦8,000, ṣùgbọ́n ₦10,000 ló wọ àkáǹtì mi. Mo rí aláàtì náà, mo dákẹ́. Mo ní Olúwa ló pèsè. Mo tilẹ̀ yọ ìdámẹ́wàá nínú rẹ̀!

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ka ìtàn àwòrán kan. Ní 1880, Édouard Manet, ayàwòrán ará Faransé, fi ọ̀dà tí a fi òróró pò ya ìdì asparagus kan, ewébẹ̀ tí wọ́n ń dì tà bí a ṣe ń di tẹ̀tẹ̀. 800 fráǹkì ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n 1,000 ni Charles Ephrussi tó rà á fi ránṣẹ́. Manet kò dákẹ́. Ó ya àwòrán kékeré mìíràn, ẹyọ asparagus kan ṣoṣo lórí tábìlì, ó fi ránṣẹ́ sí i pé ọ̀kan ló kù nínú ìdì rẹ̀. Ẹyọ kan náà wà ní Musée d'Orsay ní Paris títí di òní.

Mo ṣírò rẹ̀: àlékún tèmi àti tirẹ̀ dọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọjà. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́.

1. Ẹni tó dákẹ́ lórí owó tó ṣèèṣì wọlé ń lo ìwọ̀n èké, bí kò tilẹ̀ gbé ìwọ̀n lọ́wọ́.

2. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀bùn. Ephrussi mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un ni. Bí kò bá dá wa lójú, ká béèrè.

3. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, ká fi oore san oore. Jésù kọ́ wa pé bí a bá ṣe wọ̀n fún ẹlòmíràn ni a ó ṣe wọ̀n fún wa.

Mo pe màmá náà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ san lé." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti ń wá ₦2,000 yẹn láti Sátidé, ọmọ òun ni òun sì fẹ̀sùn kàn. Mo dá owó náà padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omijé ọmọ yẹn kò ṣe é dá padà.

Ìbéèrè: Owó ta ni ó wà lọ́wọ́ wa lónìí tí a ń pè ní ìbùkún?

Àdúrà: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ìdákẹ́ mi di ẹkún ẹlòmíràn. Àmín.